Ọmọ Tó Ń Wo Àjà Kàwé

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù mi, tí mò ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ní kí oníkálukú ka ojú ewé kan nínú ìwé kíkà Yorùbá wa, mo sì gbà á sílẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ kà á geere. Èkejì náà kà á. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ara ti ń fu mí. Gbogbo wọn ló ń dúró níbì kan náà, láàárín gbólóhùn kejì, níbi tí kò sí àmì ìdánudúró kankan. Mo tún un gbọ́. Ìgbà tí mo gbé ìwé náà fúnra mi, tí mo kà á sókè bí mo ṣe máa ń kà á fún wọn, ló tó yé mi: ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi kí n tó máa bá a lọ. Àwọn ọmọ yìí ò ka ìwé. Èmi ni wọ́n ń kà.

Tíṣà Pírámárì Fọ̀ ni mí ní ilé ìwé ìjọba kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, lọ́nà Odògbólú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ. Ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì mi nígbà yẹn: ọmọ télọ̀, ọmọ ọlọ́kadà, ọmọ onígàárì, àti àwọn bíi mélòó kan tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà torí pé àwọn òbí wọn wà l'Ékòó. Ìgbà tí mo gba kíláàsì náà, ìwé èsì wọn dára. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti gba ọgọ́ta sókè nínú Yorùbá ní Pírámárì Tìrì. Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gé páálí kan, mo kọ gbólóhùn mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò rí rí sí i, nípa ewúrẹ́ kan tó jẹ èèpo iṣu oníṣu. Mo pe àwọn ọmọ wá sábẹ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méje péré ló kà á dé òpin.

Ọgbọ́n tí mo lò lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe tèmi. Àbúrò mi kan tó ń ṣe sáńdíwíìsì, ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi àwọn tíṣà, ní Ìjagun ló sọ ọ́ fún mi. Ẹgbẹ́ kan wà ní Íńdíà tó ń jẹ́ Pratham, ìlú Mumbai ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Láti 2005 ni wọ́n ti ń gbé bébà kékeré kan láti ilé dé ilé, tí wọ́n á ní kí ọmọ kà á: lẹ́tà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà gbólóhùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ìtàn. Ibi tí ọmọ bá lè dúró lé dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí, tó bá sì di ti kíláàsì wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti máa kọ́ ọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mọ́kànlá. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti yẹ ọ̀nà yìí wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2019. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Nobel ló wọ̀ mí létí. Ohun tó wọ̀ mí létí ni pé ìdánwò náà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún ọmọ kan, kò sì náni ní nǹkan kan ju bébà lọ.

A jiyàn díẹ̀ lórí èdè. Tíṣà Pírámárì Fáìfù wa ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí á fi dán wọn wò, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe kọ́mọ́ńtíráńsì. Èmi ní Yorùbá kọ́kọ́. Ọmọ tí kò lè ka ọ̀rọ̀ tó ń sọ lẹ́nu lójoojúmọ́, kí ni á fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ tí a bá gbé èyí tí kì í sọ fún un? Àti pé kì í ṣe àwa la máa kọ́kọ́ ronú ẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní Ifẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì torí ìyẹn bàjẹ́. Nígbẹ̀yìn, a ṣe méjèèjì, Yorùbá ṣíwájú.

Fóònù mi ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí, nínú Google Sheets. Orúkọ ọmọ lápá òsì, àwọ̀ kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà: pupa. Ẹni tó mọ lẹ́tà: olómi ọsàn. Ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀: àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tó lè ka gbólóhùn mélòó kan: búlúù. Ẹni tó ka ìtàn: àwọ̀ ewé. Nínú ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta, pupa jẹ́ mẹ́fà, olómi ọsàn mẹ́tàlá, ìyeyè méjìlá, búlúù mẹ́sàn-án, ewé méje. Ọmọ mẹ́ta ló pe "gb" ní "jí, bí", bíi pé lẹ́tà méjì ni. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń kọ "gb" sára pátákó, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ọ.

Mo gbé fóònù lọ bá H.M. wa, ọ̀gá ilé ìwé.

"Síkíìmù ńkọ́?" Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí a gbọ́dọ̀ kọ́ tán ní sáà. "Bí ìsípẹ́kítọ̀ bá wọlé lọ́la, kí ni kí n fi hàn án?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́kọ́ wo èyí."

Wọ́n wò ó. "Pupa yìí ńkọ́?"

"Àwọn tí kò mọ A, B, D ni mà."

"Ní Pírámárì Fọ̀?" Wọ́n fi ìka tẹ orúkọ kan. "Èyí? Ọmọ yìí tó máa ń ka Bíbélì ní Sọ́ńdè Sùkúù?"

"Òun náà mà. Ó mọ̀ ọ́n sórí ni."

Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fún wa ní wákàtí kan, aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní síbẹ̀síbẹ̀, síkíìmù gbọ́dọ̀ parí. Mo dúpẹ́. Wákàtí kan nílé ìwé ìjọba kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹni tó bá ti ja ìjà táìmù tébù rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwa mẹ́ta tí a ní Pírámárì Tìrì, Fọ̀ àti Fáìfù, pẹ̀lú àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá síbi wa lọ́dún yẹn, la da àwọn ọmọ pọ̀, tí a tún wọn pín. Tíṣà mẹ́rin, ìpele márùn-ún: a so búlúù pọ̀ mọ́ ewé. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí, kò sẹ́ni tí kò mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ojúgbà. Bí Ojúde Ọba bá dé, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ojúgbà ń bá ojúgbà jó níwájú Awùjalẹ̀, ọjọ́ orí ni wọ́n fi pín wọn, ó sì bá a mu. Kíláàsì náà, ọjọ́ orí la fi ń pín in. Ohun tí a fẹ́ ṣe yìí ni pé kí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá ọmọ ọdún mọ́kànlá jókòó torí pé lẹ́tà kan náà ló ń dààmú wọn. Ó ṣòroó gbọ́ létí àwọn èèyàn wa. A ò fẹ́ pè wọ́n ní ẹgbẹ́ kìíní, ẹgbẹ́ kejì, a ní kí wọ́n máa jẹ́ Àgbálùmọ̀, Ọsàn, Ìbẹ́pẹ àti Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ilé ìwé fi mọ èyí tó jẹ́ olórí nínú èso. Ta ló máa tan ọmọdé?

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá ọmọ kan dé. Télọ̀ ni wọ́n, téèpù ṣì wà lọ́rùn wọn.

"Ántí, ẹ káàárọ̀. Wọ́n ní ẹ ti dá ọmọ mi padà sáàárín àwọn Pírámárì Tìrì."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jókòó mà."

"Mi ò jókòó. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì ò tún kíláàsì rí. A ò ní olódo nílé wa."

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Mo fún un ní páálí ewúrẹ́ yẹn. Ó gbà á, ó gbé ojú sókè sí àjà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ geere. Ohun tó ń kà kò sí lára páálí. Ojú ewé inú ìwé kíkà wa ni, èyí tí mo gbà sílẹ̀ sínú fóònù, tòun ti ibi tí mo ti ń nu ṣọ́ọ̀kì. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, inú wọn dùn, wọ́n yíjú sí mi bí ẹni tó jàre.

Mo ní, "Ẹ bá mi wò ó mà, ẹ wo ohun tó wà lára páálí yẹn."

Wọ́n gbà á. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní gíláàsì àwọn wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò béèrè nǹkan mìíràn. Mo kà á fún wọn fúnra mi, mo ka ti ewúrẹ́ àti èèpo iṣu. Wọ́n jókòó. Wọ́n yọ téèpù lọ́rùn, wọ́n ń ká a mọ́ ọwọ́. Ohun tí wọ́n bi mí lẹ́yìn náà ni pé kí ni àwọn lè ṣe nílé. Mo sọ pé kò ju kí ọmọ kà, kí ẹ̀yin gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti ń lù, ohùn ọmọ yìí á wọlé sórí WhatsApp mi pẹ̀lú ariwo máṣíìnì ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀: káàdì ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Bí ó bá kà á tán, mo máa ń gbọ́ tí màmá rẹ̀ á ní, "Tún un kà." Nígbà míì, wọ́n á fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pè é tẹ̀ lé e.

Èyí ni mo kà sí ẹ̀rọ ìgbàlódé tó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe. Kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Botswana, nígbà tí kòrónà ti àwọn ilé ìwé pa ní 2020, fóònù lásán ni wọ́n lò: tẹ́ẹ̀sì àti ìpè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí àwọn òbí fún ìṣirò àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè tẹ̀ síwájú ju àwọn tí wọn ò pè.

Táblẹ́ẹ̀tì dé lẹ́yìn. Ẹnì kan tó kàwé jáde níbi wa kó àlòkù mẹ́fà wá láti Èkó. Àgùnbánirọ̀ wa gbé Kolibri, app ẹ̀kọ́ kan, sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí èèyàn bá ti gba ẹ̀kọ́ sínú láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan, àwọn táblẹ́ẹ̀tì á máa gbà á láti ara rẹ̀ láìsí dátà, tíṣà sì lè yan ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìtàn Yorùbá tí a rí lò wá láti African Storybook, ìkójọ ìwé ọmọdé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti ṣètò àwọn ìwé rẹ̀ ní ìpele, láti ọ̀rọ̀ díẹ̀ lójú ewé kan dé ìtàn gígùn. Gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dàrú. Àwọn táblẹ́ẹ̀tì yẹn ti dàgbà, wọn ò mọ ọ tó ní àmì lórí àti lábẹ́, àpótí kékeré ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fẹ́ kọ́ á kún fún àpótí. Ọmọ kan bi mí pé, "Ántí, lẹ́tà wo lèyí?" Àgùnbánirọ̀ náà ní láti sọ àwọn ojú ewé di àwòrán kí wọ́n tó hàn dáadáa. Òru méjì ló fi ṣe é. Iná tún ńkọ́? NEPA lè fún wa ní wákàtí méjì, ó lè má fún wa rárá. Ilé H.M. ni a ti ń ṣájì, wọ́n á kó wọn wá nínú báàgì gàárì láàárọ̀. Táblẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìṣirò wà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. A gbé app ìṣirò ọ̀fẹ́ kan sí i tó máa ń gbé ọmọ gòkè fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ti gbà á. Láàárín ọjọ́ méjì, ọmọkùnrin kan ti dé òkè pátápátá. Mo jókòó tì í. Ìdáhùn mẹ́rin ni app náà ń gbé jáde. Ó ń tẹ̀ wọ́n bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́, pá-pá-pá, títí àwọ̀ ewé á fi jáde. Ó ti mọ app náà. Ìyọkúrò ni kò mọ̀.

Ọmọbìnrin kan sì wà tí app náà fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyá rẹ̀ ń ta gàárì ní ọjà Òkè-Ajé, òun ló sì máa ń bá a wọn kóńgò ní Sátidé. Mo fún un ní 52 yọ 27. Ó kọ 35. Ó ti yọ 2 kúrò nínú 7 torí pé 7 ló tóbi. Mo wá ní, "Ó dáa. Mo ra gàárì 2,700 lọ́wọ́ ẹ, mo fún ẹ ní 5,200. Ṣéńjì mi?"

"2,500." Kò gbé ojú sókè.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń béèrè ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní òun fi 300 kún 2,700, ó di 3,000. Ó ku 2,200 kó tó pé 5,200. 300 àti 2,200.

Ẹ gbọ́, mo padà sílé lọ́jọ́ náà mo ń rò ó. Àwa tí a ń ka àrùndínláàádọ́ta, ṣebí àádọ́ta la kọ́kọ́ ń lọ bá kí á tó yọ àrún. Orí iye tó gún régé la ti ń ṣírò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọmọ yìí ń ṣe ohun tí èdè rẹ̀ ń ṣe, èmi ni mò ń kọ́ ọ pé kó yá mẹ́wàá lọ́wọ́ ará ẹ̀yìn. Mo gbé e kúrò ní ìsàlẹ̀ níjọ́ kejì. Mo tún jẹ́ kó kọ́ àwọn yòókù ní "ṣéńjì", bó ṣe pè é, kí a tó padà sí títo nọ́ńbà lé ara wọn. Láti ìgbà náà ni a ti pinnu pé kò sí ọmọ tí táblẹ́ẹ̀tì nìkan á gbé sókè tàbí gbé sísàlẹ̀. Etí tíṣà kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe kíá lórí ọ̀kan yìí: ọ̀kan nínú àwọn pupa mẹ́fà, ìgbà tó di táblẹ́ẹ̀tì mú ló ń gbé e súnmọ́ imú. Iwájú ló ti yẹ kó máa jókòó láti Pírámárì Wáànù. Ó ti ní gíláàsì báyìí.

Ní òpin sáà kejì, a tún wọn dán wò, pẹ̀lú páálí tuntun. Ọmọ kan ti bá màmá rẹ̀ kó lọ sí Ṣàgámù, ó ku mẹ́rìndínláàádọ́ta. Pupa méjì, olómi ọsàn márùn-ún, ìyeyè mọ́kànlá, búlúù méjìlá, ewé mẹ́rìndínlógún. Ti Gẹ̀ẹ́sì gbéra díẹ̀, kò pọ̀ tó ti Yorùbá. Mi ò lè sọ pé táblẹ́ẹ̀tì ló ṣe é. Ẹgbẹ́ Ìbẹ́pẹ, tí Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ọjọ́ táblẹ́ẹ̀tì wọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kàn án fún gbogbo sáà torí iná, wọ́n sì gòkè bíi ti àwọn yòókù. Lójú tèmi, wákàtí kan yẹn ni, àti pé ọmọ gbọ́ ohun tó lè yé e ní àárọ̀ ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ fóònù ni pé ó jẹ́ kí a mọ ibi tí oníkálukú wà, kò sì jẹ́ kí a purọ́ fún ara wa.

Ohun tó dùn mí ni ìdánwò ìparí sáà. Ti síkíìmù Pírámárì Fọ̀ ni wọ́n fún gbogbo wọn. Ọmọ tó ti ibi tí kò mọ "gb" dé ibi tó ti ń ka gbólóhùn mẹ́ta gba méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìwé èsì, kò sí àyè tí èèyàn lè kọ ibi tí ọmọ ti wá sí. Olóyè Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ níbí, ló ṣí ilé ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Láti ìgbà náà, iye ọmọ tó wọlé la mọ̀ ọ́n kà. Mo fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé èsì ọmọ náà: "Ní September, lẹ́tà mọ́kànlá péré ló mọ̀. Báyìí, ó ń ka gbólóhùn." H.M. rí i, wọ́n bu ọwọ́ lù ú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà, mo tún gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀. Àgùnbánirọ̀ ló kọ ìtàn náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nípa ọmọ kan tó rán àbúrò rẹ̀ lọ ra àgbàdo. Ọmọ télọ̀ náà wà nínú wọn. Kò wo àjà. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó dé "àgbàdo", ó dúró. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù. "À," ó ní. Ó tún dúró. "À-gbà. Àgbàdo!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ń lọ.

Òru mẹ́ta ni mo fi gbọ́ wọn tán. Ibi tí ọ̀kan dúró sí, ibẹ̀ kọ́ ni èkejì dúró sí.